Ìyẹ́ Lékeléke fún Kíkí

"Wọ́n ti dé!"

Jẹ̀lílì fò dìde lórí pẹpẹ igi tí ó jókòó sí láàrin oko ìrẹsì. Láti ìhà odò, àwọn ẹyẹ kéékèèké ẹlẹ́nu pupa tí àwọn Haúsá ń pè ní jan baki ń rọ́ bọ̀ bí èéfín tí afẹ́fẹ́ ń tì. Wọ́n yí lójú ọ̀run lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún yí, ìyẹ́ wọn sì ń hó bí òjò tó ń bọ̀ lórí páànù. Jẹ̀lílì ṣẹ́ ìbọn afẹ́fẹ́ rẹ̀ lọ́rùn, ó ki ọta kan sí i, ó sì dá ọrùn rẹ̀ padà.

Kò yìn ín sáàrin agbo. Bàbá rẹ̀, Adéagbo, ti kọ́ ọ pé kò sí ẹni tó lè pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyẹ tán. Àwọn tó kọ́kọ́ bà ni kí ó máa mú, àwọn tó ń tọ́ ìrẹsì wò fún àwọn yòókù. Méjì bà sórí ìrẹsì kan, ó yìnbọn. Pà! Ọ̀kan já bọ́. Gbogbo agbo yí padà bí ẹni tó rántí ohun tó gbàgbé nílé, wọ́n kọjá sí òkè odò. Jẹ̀lílì sọ̀kalẹ̀, ó so òkú ẹyẹ náà mọ́ orí ọ̀pá kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè rí i, ó sì tún gun orí pẹpẹ rẹ̀ padà.

Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn, àmọ́ ara rẹ̀ kò balẹ̀. Ó jókòó, ó dìde. Ó gbé ìbọn lé orúnkún, ó tún gbé e kúrò. Ojú ọ̀run ló yẹ kó máa wò, àmọ́ ọ̀nà tó ti àdúgbò Kpakungu wá sí oko ni ojú rẹ̀ wà. Sátidé ni ọjọ́ náà, Kíkí sì máa ń wá ká ilá lọ́jọ́ Sátidé.

Kíláàsì kan náà ni òun àti Kíkí wà, ìdánwò àṣejáde ni wọ́n sì ń múra rẹ̀. Tíṣà ni ìyá Kíkí, àdúgbò Jikpan ni ilé wọn, ó sì gbin ilá díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ oko ìrẹsì bàbá Jẹ̀lílì. Láti ọjọ́ tí Kíkí ti yá Jẹ̀lílì ní ìwé Bàọ́lọ́jì, tí ó ṣí i, tí òórùn pọ́ńdà rẹ̀ sì jáde láàrin ojú ìwé bí ẹni tó sá pamọ́ síbẹ̀, oorun kò kun ọmọkùnrin náà mọ́. Bí ó bá ń ka nípa ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀, ọkàn tirẹ̀ ló ń gbọ́ tó ń lù.

"Sójà! Ogun ń lọ?"

Luqman ni, ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí ó ń bọ̀ láàrin poro oko pẹ̀lú ẹ̀pà sísun lọ́wọ́.

"Dákẹ́ ńbẹ̀," Jẹ̀lílì dáhùn. "Ṣé o pàdé ẹnikẹ́ni lọ́nà?"

"Ẹnikẹ́ni bíi ta ni?" Luqman dúró, ó wò ó látòkè délẹ̀. "Haba! Ṣẹ́ẹ̀tì Sallah lo wọ̀ wá lé ẹyẹ? Àbí ọ̀kan nínú àwọn jan baki wọ̀nyí ti gbà láti fẹ́ ọ?"

Wọ́n gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn wọn, ìbọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Jẹ̀lílì.

"Sannu da aiki o, ẹ̀yin ọlọ́dẹ!"

Kíkí ti dé. Ó so gèlè kékeré mọ́rí, apẹ̀rẹ̀ ilá wà lábẹ́ apá rẹ̀, òógùn díẹ̀ sì ń dán lókè ètè rẹ̀. Jẹ̀lílì fẹ́ kí i dáadáa, àmọ́ ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde kò ju "Yawwa" lọ.

Kíkí fọwọ́ kan okùn dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ta láti ọ̀pá dé ọ̀pá lórí ìrẹsì. Afẹ́fẹ́ fẹ́, okùn náà ń dún wùùù, ó sì ń kọ yẹ̀rì.

"Kí lèyí tó ń kọrin?"

"Okùn inú kásẹ́ẹ̀tì ni," Jẹ̀lílì wí. "Bí ó bá ń dún báyìí, ẹ̀rù máa ń ba ẹyẹ."

"Kásẹ́ẹ̀tì kí ni?"

Luqman ni kò jẹ́ kí ó dáhùn. "Orin ìfẹ́ ni! Gbogbo orin tó gbà sílẹ̀ lórí rédíò nítorí ẹnì kan. Ẹni náà ò gbọ́ ọ, jan baki ló ń gbọ́ ọ!"

Etí Jẹ̀lílì gbóná bí ẹni tó sún mọ́ iná. Kíkí rẹ́rìn-ín títí apẹ̀rẹ̀ fi bọ́ sílẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Orin ìfẹ́ lẹ fi ń lé àlejò." Ṣùgbọ́n nígbà tí ojú rẹ̀ dé ibi òkú ẹyẹ tó rọ̀ sórí ọ̀pá, ẹ̀rín náà kúrò. "Mo mọ̀ pé olè ni wọ́n. Síbẹ̀, àánú wọn ń ṣe mí."

Ìgbà náà ni lékeléke mélòó kan fò kọjá lókè wọn, wọ́n funfun nini, wọ́n ń lọ síbi tí màlúù wà létí odò. Kíkí na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń mi ìka rẹ̀ bí ọmọdé.

"Kí lò ń ṣe?" Luqman bi í.

"Èékánná funfun ni mò ń tọrọ. Ìyá mi àgbà ló kọ́ mi nígbà tí a lọ sí Ọ̀fà. Wò ó." Ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ hàn wọ́n. Àmì funfun bíńtín kan wà lórí èékánná náà. "Lékeléke ti fún mi ní ọ̀kan. Ì bá wù mí kó fún mi ní ìyẹ́ ara rẹ̀ kan, kí n máa fi sàmì sínú ìwé mi." Ó gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì kọjá sínú ilá.

Luqman gun pẹpẹ, ó sún mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. "O gbọ́ ọ? Ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó fẹ́."

"Lékeléke kì í jẹ ìrẹsì."

"Ta ló ń sọ ti ìrẹsì? Ti ìfẹ́ là ń sọ."

Jẹ̀lílì wo ìbọn náà. Bàbá-bàbá rẹ̀ ló rà á ní Kàdúná nígbà tó ń ṣiṣẹ́ gáàdì nínú ọkọ̀ ojú irin. Lọ́jọ́ tí Adéagbo fi lé e lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ méjì péré ló bá a sọ. Ó ní, "Ẹyẹ tó bá bà sórí ìrẹsì nìkan ni ọ̀tá wa. Èyí tó ń fò kọjá, àlejò ni." Ó sì tún ní, "Má kúrò lórí pẹpẹ yìí títí oòrùn á fi wọ̀. Ìrẹsì yìí ni a máa jẹ, òun náà la máa tà kí o tó lè jókòó ṣe ìdánwò."

"Bàbá ní kí n má kúrò níbí," ó wí.

"Bàbá, Bàbá! Kai, Jẹ̀lílì! Ìwọ yìí ló máa jókòó síbí títí ọmọ onímáṣíìnì kan á fi wá gbé e lọ lójú rẹ. Ìyẹ́ kan ṣoṣo! Kí ẹyẹ tó tún pa dà, wàá ti dé."

Jẹ̀lílì gbójú sókè. Ojú ọ̀run mọ́, kò sí ẹyẹ kankan. Oòrùn ti ń rọ̀, ó sì mọ̀ dáadáa pé ìgbà yìí gan-an ni ebi máa ń pa jan baki kí wọ́n tó lọ sùn. Ó mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń sọ̀kalẹ̀.

Àbdùlbáàkí dúró síwájú àwọn màlúù rẹ̀ létí odò, ó gbé ọ̀pá kọ́ èjìká, ó ń súfèé fún wọn. Ọmọ Fúlàní ni, kò sì lè fi ọdún méjì ju Jẹ̀lílì lọ. Àdéhùn kan wà láàrin bàbá rẹ̀ àti Adéagbo láti ọdún pípẹ́. Màlúù kan kò gbọdọ̀ tẹ oko ìrẹsì kí wọ́n tó kórè. Bí wọ́n bá ti kórè tán, Adéagbo á ránṣẹ́ pè wọ́n, màlúù á wọlé wá jẹ koríko tó kù, ìgbẹ́ wọn á sì di ajílẹ̀ fún ọdún tó ń bọ̀. Lójoojúmọ́ ni Àbdùlbáàkí ń kí Jẹ̀lílì láti òdìkejì, nígbà mìíràn ó máa ń fún un ní nọ́nọ́, omi wàrà màlúù, mu, Jẹ̀lílì náà á sì fún un ní omi àmù.

Lọ́jọ́ yìí, Jẹ̀lílì kò kí i. Ó ba sínú eèsún, Luqman ba sẹ́yìn rẹ̀. Lékeléke kan dúró sórí màlúù pupa ńlá kan, ó na ọrùn, ó funfun bí aṣọ ìyàwó. Jẹ̀lílì ti ń rí Kíkí tó ń fi ìyẹ́ náà sí àárín ìwé, tó ń rẹ́rìn-ín sí òun nìkan nínú gbogbo kíláàsì. Ó yìnbọn.

Ìgbà tó yìn ín gan-an ni lékeléke gbéra.

Ohùn ìbọn afẹ́fẹ́ kò ju ohùn àtẹ́wọ́ lọ, odò sì ń hó. Àbdùlbáàkí kò gbọ́ nǹkan kan. Ohun tó gbọ́ ni igbe màlúù pupa rẹ̀. Ẹranko náà gbé orí sókè, ó gbọn etí, ó fò bí ẹni tí iná jó, ó sì kọjá lórí poro bọ́ sínú ìrẹsì. Gbogbo agbo tẹ̀ lé e.

Luqman ti sá lọ. Jẹ̀lílì dìde nínú eèsún. Ó ń wo ìrẹsì tó ń wó lulẹ̀, ó ń wo ọ̀pá tó ń ṣẹ́, ó ń wo okùn kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó lọ́ mọ́ ìwo màlúù, tó ń fò lẹ́yìn wọn bí irun dídì tó tú. Àbdùlbáàkí ń sáré láàrin wọn, ó ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan lórúkọ, ó ń bẹ̀ wọ́n, ó ń lù wọ́n. Bí ó ti ń kó wọn jáde ni ọ̀run ṣókùnkùn. Àwọn jan baki pa dà, wọ́n sì bà sórí gbogbo oko. Kò sí ẹnikẹ́ni lórí pẹpẹ.

Kò pẹ́ tí ariwo fi gba gbogbo fàdámà, ilẹ̀ oko etí odò náà. James, àgbẹ̀ Gbàgyí tí oko rẹ̀ wà nítòsí, ló kọ́kọ́ dé, àwọn àgbẹ̀ mìíràn tẹ̀ lé e pẹ̀lú àdá àti igi. Wọ́n dì mọ́ Àbdùlbáàkí lọ́rùn aṣọ. Kíkí sáré jáde láti inú ilá. Adéagbo náà gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé, ó jù ú sílẹ̀, ó sì dúró sí etí oko rẹ̀.

"Mi ò mọ ohun tó ṣe wọ́n," Àbdùlbáàkí ń sọ ní Haúsá, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Wallahi, mo dúró síwájú wọn. Ẹ bi Jẹ̀lílì! Orí pẹpẹ ló wà. Ó rí mi!"

Adéagbo yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Jẹ̀lílì, kí lo rí?"

Luqman ti yọ láti ibi tó sá sí, òun ló sì fèsì. "Àbdùlbáàkí ló sùn, Bàbá. Ó sùn sábẹ́ igi, àwọn màlúù rẹ̀ sì wọlé."

"Ọmọ mi ni mò ń bi. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Gbogbo ojú wà lára Jẹ̀lílì. Ojú Kíkí ló wúwo jù. Bí ó bá sọ òtítọ́, yóò di ẹni ẹ̀gàn lójú rẹ̀ títí láé. Bí ó bá dákẹ́, ta ni yóò mọ̀? Ta ló gbọ́ ìbọn?

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

James kò dúró gbọ́ nǹkan mìíràn. Ó so okùn mọ́ màlúù pupa náà lọ́rùn. "A ń mú un lọ sọ́dọ̀ mai anguwa, olórí àdúgbò. Bàbá rẹ̀ á wá gbà á níbẹ̀. Láti òní lọ, màlúù Fúlàní kankan kò ní í tẹ fàdámà yìí mọ́, ì báà jẹ́ lẹ́yìn ìkórè!" Àwọn tó kù ń ti Àbdùlbáàkí níwájú. Ọ̀kan ti gbé igi sókè.

Adéagbo bẹ̀rẹ̀, ó ń gbé ìrẹsì tó wó nàró lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ti fi ọ̀kan sílẹ̀, á tún wó. Jẹ̀lílì kò lè wò ó. Ó mú okùn kásẹ́ẹ̀tì kan nílẹ̀, ó jù ú sílẹ̀. Ó rìn síwájú, ó rìn sẹ́yìn. Nínú gbogbo ara rẹ̀, kò sí ibi tó fẹ́ dúró sójú kan.

Àbdùlbáàkí sì bojú wẹ̀yìn. Kò bínú, ìyàlẹ́nu ló wà lójú rẹ̀, bí ẹni tó kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́nà tí ọ̀rẹ́ náà kò sì dáhùn.

Jẹ̀lílì sáré. "Ẹ dúró! Ni ne! Èmi ni!"

James yíjú padà. "Kí ni ìwọ?"

"Èmi ni mo yìnbọn. Kò sùn. Ẹ wo etí màlúù yẹn, ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀. Ọta mi ló bà á. Kò sùn rárá, Bàbá. Irọ́ ni mo pa."

Igi tó wà lókè rọra wálẹ̀. Adéagbo rìn dé ọ̀dọ̀ wọn.

"Ẹyẹ wo lò ń yìnbọn sí?"

"Lékeléke, Bàbá."

"Ṣé ó bà sórí ìrẹsì?"

"Rárá, Bàbá."

Adéagbo na ọwọ́. Kò pariwo, kò sì gbá a létí. Jẹ̀lílì gbé ìbọn náà fún un, ó dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì Sallah rẹ̀, ó bẹ Àbdùlbáàkí. James tú okùn, ó sì ń sọ nǹkan kan fún ara rẹ̀ ní Gbàgyí. Àbdùlbáàkí di etí màlúù rẹ̀ mú, ó rọra fi èékánná yọ ọta náà, ó sì fi í sí àtẹ́lẹwọ́ Jẹ̀lílì.

"Gba nǹkan rẹ," ó wí. "Mo ti rò pé ẹlẹ́rìí mi ni ọ́."

Ọta náà kò tó hóró ẹ̀wà, àmọ́ Jẹ̀lílì kò rí i pé ohun kan wúwo tó bẹ́ẹ̀ rí.

Luqman ti bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kíkí ń gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tí Jẹ̀lílì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Ṣé èmi ni mo rán ọ?" ó bi í.

"Rárá, Kíkí."

"Mo rí i pé o ò sí lórí pẹpẹ. Nígbà tí o mi orí, ó kù díẹ̀ kí n sọ ọ́ síta. Mo ní kí n kọ́kọ́ wò ó bóyá wàá fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́." Ó gbé apẹ̀rẹ̀ karí. "O sọ ọ́. Àmọ́ wọ́n ti so okùn mọ́ màlúù rẹ̀ lọ́rùn kí o tó sọ ọ́." Ó sì lọ.

Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Láti ọjọ́ náà, ẹnu lásán ni Jẹ̀lílì fi ń lé ẹyẹ lórí ìwọ̀nba ìrẹsì tó kù. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ó ti dé oko, bí ó bá sì ti tilé ìwé dé, ó tún di oko. Ó ń pariwo, ó ń lu agolo, ohùn rẹ̀ sì há tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ kíláàsì fi ń pè é ní àkèré. Luqman náà ń pè é bẹ́ẹ̀, ó sì ti jìnnà sí i. Bàbá rẹ̀ kò dárúkọ ìbọn mọ́, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn sì burú fún un ju ẹgba lọ. Àbdùlbáàkí ń da màlúù gba ọ̀nà jíjìn.

Sátidé kan, Kíkí dúró sísàlẹ̀ pẹpẹ, ó na kásẹ́ẹ̀tì kan sókè sí i.

"Gbà. Fi ta okùn mìíràn."

Ọkàn Jẹ̀lílì fò sókè. "Ṣé orin ìfẹ́ ni?"

"Ìwàásù pásítọ̀ wa ni. Kí àwọn jan baki ronú pìwà dà, kí ìwọ náà máa fetí sí i." Ó ti yíjú padà kí ó tó rẹ́rìn-ín, àmọ́ Jẹ̀lílì rí ẹ̀rín náà láti ẹ̀yìn èjìká rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n kórè tán, àpò ìrẹsì náà kéré. Owó ìdánwò Jẹ̀lílì yọ nínú rẹ̀, àmọ́ ìyá rẹ̀ kò ra aṣọ lọ́dún yẹn, ìrẹsì sì di ohun tí wọ́n ń fi ojú wá nínú ilé. Adéagbo di káún sínú ọ̀rá, èyí tí màlúù máa ń lá, ó sì ní kí Jẹ̀lílì gbé e lọ sí àgọ́ bàbá Àbdùlbáàkí, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ pe màlúù wọn wá jẹ koríko.

Ẹ̀rù bà á títí dé ẹnu ọ̀nà àgọ́ náà. Bàbá arúgbó náà gba káún, ó sì ní, "To. Ọmọ tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, a kì í lé e." Ní ọjọ́ kejì, màlúù wọ oko. Àbdùlbáàkí wá jókòó sórí pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jẹ̀lílì. Ó na agbè nọ́nọ́ sí i, Jẹ̀lílì sì mu ún.

Níbi tí màlúù dùbúlẹ̀ sí ni Jẹ̀lílì ti rí i. Ìyẹ́ funfun kan wà lórí koríko, òmíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òmíràn sì tún wà níwájú. Àwọn lékeléke kàn ń gbọn ara wọn, ìyẹ́ wọn ń bọ́, wọ́n sì ń lọ. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ọ̀kan. Ó wò ó títí omi fi dé ojú rẹ̀.

Ó mú un lọ fún Kíkí, ìyẹ́ yẹn ni Kíkí sì fi sàmì sínú ìwé Bàọ́lọ́jì rẹ̀ títí wọ́n fi ṣe ìdánwò tán. Kò sọ pé òun fẹ́ràn Jẹ̀lílì. Ṣùgbọ́n ìjókòó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń jókòó sí bí wọ́n bá ń kàwé.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tí ọkàn yín náà ń lù kìkì nítorí ẹnì kan, ẹ rántí oko ìrẹsì yìí. Ìfẹ́ tó bá ní kí o fi iṣẹ́ tí wọ́n fi lé ọ lọ́wọ́ sílẹ̀, ẹnu ọ̀rẹ́ búburú ló ti ń sọ̀rọ̀. Bí o bá sì ti ṣìṣe, má jẹ́ kí ọrùn ẹlòmíràn wọ okùn tó yẹ tìrẹ. Sọ òtítọ́ kí wọ́n tó so okùn náà. Bí o bá sì pẹ́, sáré lọ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ náà.